Ọwọ́ Òsì Sagbo, Ọwọ́ Ọ̀tún Zinsu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Àmínátù Dúrósinmí, kó kọ́kọ́ mọ ìwé rẹ̀. Ìwé gbàǹgbà ẹlẹ́yìn pupa ni, rọ́bà ló fi dè é láàárín kí ewé rẹ̀ má baà fò lọ. Kò sí ọmọ tó wọ yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò ní bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀: ohun tó mọ̀, ohun tí kò mọ̀, àti ọjọ́ tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n tó sì jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Yàrá náà kò fẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó àga kíkán sí ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ajara, níbi tí àwọn ọmọ tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì ti ń fi ọdún kan kọ́ ẹ̀kọ́ A-level kí wọ́n tó bọ́ sí yunifásítì. Èyí tí ẹ̀kọ́ bá ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ nínú wọn, ọ̀dọ̀ Àmínátù ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n kọ "Àtìlẹ́yìn Ẹ̀kọ́" sára ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn ọmọ sì sọ òun fúnra rẹ̀ di Màámi Àtìlẹ́yìn.

Obìnrin náà kì í kọ́ ọmọ bí àwọn tíṣà yòókù ṣe ń kọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá wọlé, Àmínátù á dìde lórí àga rẹ̀, á bọ́ sórí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́, á fọwọ́ lẹ́rán, á ní, "Ó yá, kọ́ mi." Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wò sùn-ùn. Kò sí ibi téèyàn lè sá sí lẹ́yìn "kọ́ mi." Ẹni tó ti há gbogbo ìwé sórí láìmọ ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ọmọ Àwórì láti apá Òjó, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó ráyè lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Otto, ohun kan ṣoṣo tí kò sì lè fara dà láyé yìí ni kí nǹkan má yé e. Ó lè fara da ebi. Ó lè fara da òjò àti ẹ̀rọfọ̀ ọ̀nà Badagry. Ṣùgbọ́n kí nǹkan dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, inú á bí i, á sì máa bú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọlọ́run wá fi Zinsu ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ Ajido ni Zinsu, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún, baba rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n lórí ọ̀sà, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Àwọn ọmọ Ajido tó wà lẹ́yìn odi ló panu pọ̀ pé àwọn máa rán ọmọ kan lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́dún yìí, ọmọ kan ṣoṣo, kó lè di apòògùn kó sì padà wá sílé. Ilé Zinsu ni àǹfààní náà já mọ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà ní ìwà, ó ń kúnlẹ̀ kíni, èdè Yorùbá rẹ̀ ní ìró Gun lára bíi ti gbogbo ará ibẹ̀. Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ló ń kọ́. Bàọ́lọ́jì àti Físíìsì bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Kẹ́místírì ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ètò yìí sọ́kàn, nítorí Àmínátù kò fi í sọ́kàn, ìyà rẹ̀ sì jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ní kí Zinsu kọ́ òun ní Kẹ́místírì. Ọmọ náà wo pátákó, ó wo ilẹ̀, ó wo aṣọ ara rẹ̀. Òdo. Àmínátù kọ ọ́ sínú ìwé pupa: "Kẹ́místírì, kò mọ nǹkan kan." Ó lọ sílé, ó múra sílẹ̀ láti fi gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣàlàyé rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, kò tíì la ẹnu tán tí ọmọ náà fi gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣe ìṣirò náà pátá, tó tún tọ́ka sí ibi tí Màámi fúnra wọn ti ṣì í. Inú Àmínátù dùn. Ó ní kó wá yàwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, èyí tó ti yà dáadáa ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọmọ náà wo pátákó, ó wo ilẹ̀, ó wo aṣọ ara rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ó yá a ní ìwé kan ní Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́rú ó béèrè pé ibo ló kà á dé, ọmọ náà ní, "Ìwé wo, mà?" ló bá tún yára ní, "Áà, ó wà nílé, mà." Ní Ajé ó sọ àpárá kan tí ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ní Ìṣẹ́gun ó fẹ́ rán an létí àpárá náà, ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń sọ fún ní ìgbà àkọ́kọ́. Àmínátù kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Ó ra oògùn. Ó rò pé ebi ni, ó ń pín ẹ̀wà rẹ̀ sí méjì, ọmọ náà sì ń jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ Ajé, ó ń jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àyípadà kankan kò hàn nínú ìwé pupa. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ, Ọ̀gbẹ́ni Bólúwají, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn.

"Àǹtí Àmínátù," ọ̀gá ní, "ẹ ṣe sùúrù. Ọmọ ìka ò dọ́gba."

"Ẹyọ ìka kan ṣoṣo ni mò ń sọ, sà," Àmínátù dá a lóhùn. "Ó gùn lọ́jọ́ Ajé, ó kúrú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọ̀gá ní bóyá kí àwọn dá ọmọ náà padà sí Ajido kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Àmínátù ní rárá, kí ọ̀gá jẹ́ kí òun wò ó díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sùn dáadáa mọ́. Ọmọ tó lè di apòògùn ló wà níwájú òun yìí, bí òun kò bá sì tètè mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n á lé e.

Egbò ló tú àṣírí. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ Ajé ni, òjò ti rọ̀. Zinsu fi ẹsẹ̀ kọ lẹ́nu géètì, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó yánnayànna. Àmínátù fúnra rẹ̀ ló fọ ojú egbò náà, tó fi pílásítà méjì lẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bó ṣe dìde, Àmínátù wo orúnkún ọ̀tún, ó dán. Ó ní bóyá òsì ni. Ó wo òsì, òun náà dán. Kò sí pílásítà, kò sí àpá, kò sí nǹkan kan.

"Bísímíláhì," Àmínátù ní, ó sì rọra sún bẹ́ǹṣì rẹ̀ sẹ́yìn. "Egbò ẹsẹ̀ rẹ dà?"

"Ó ti jinná, mà."

"Láàárín àná sí òní?"

Ọmọ náà fi aṣọ bo orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ó wà lẹ́sẹ̀ Zinsu, mà."

"Ìwọ wá ni ta?"

"Sagbo, mà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn Gun, ẹ ti lóye. Hòhòví ni wọ́n ń pe ìbejì níbẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni Zinsu, èyí tó tẹ̀ lé e ni Sagbo. Ìgbà tó ti ń gbọ́ orúkọ Zinsu látoṣù kẹwàá, ó yẹ kí Àmínátù ti béèrè pé èkejì dà. Ohun tó ń dun èèyàn ni pé ó bọ́ sí gbangba báyẹn tí kò sì rí i. Ó ṣí ìwé pupa, ó wo gbogbo ohun tó ti kọ síbẹ̀ lóṣù mẹ́fà, ó rí i pé èèyàn méjì ni òun ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn, tí òun ń bú pé kò lójú ìwòye. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní, "Mo ń bọ̀ nílé yín lọ́la."

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Ajido. Ìyá Sewanu, ìyá àwọn ọmọ náà, wà nídìí iná, ó ń yí ẹja lórí wáyà, èéfín bò ó lójú. Nígbà tó rí àlejò, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó ní, "Mi kuabọ! Ẹ káàbọ̀, Màámi Àtìlẹ́yìn! Wọ́n ti sọ pé ẹ ń bọ̀." Ó gbé àga fún un. Àwọn ìbejì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, irun wọn jẹ́ dídì kan náà, aṣọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Àfi pílásítà orúnkún ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmínátù dúpẹ́ lọ́wọ́ egbò náà nínú ọkàn rẹ̀.

"Ìyá Sewanu," ó ní, "kí lẹ ṣe báyìí?"

Obìnrin náà kò tilẹ̀ tijú. "Wọ́n wá, wọ́n ní ọmọ kan. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn yìí, èwo ni kan nínú wọn? Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, mi ò ra bàtà fún Zinsu kí n má ra fún Sagbo. Wọn kì í ṣe é. Èyí tí o kò bá fún, inú á bí i, ó lè ní òun ń padà síbi tó ti wá. Àyè kan ni wọ́n gbé wá. Mo pín in."

"Ẹ pín in!"

"Mo pín in sí méjì, bí a ṣe ń pín ẹja. Zinsu ní Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Sagbo ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀. Ti Sagbo fi ọjọ́ kan dín, torí ẹ̀ ni mo ṣe fún un ní oúnjẹ tó pọ̀."

Àmínátù di orí mú. Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa béèrè, ẹni tó mọ Bàọ́lọ́jì àti Físíìsì kò mọ Kẹ́místírì, ẹni tó mọ Kẹ́místírì kò mọ méjì yòókù. Bí wọ́n bá tún pín ìdánwò náà, tí èyí wọlé lónìí tí èkejì wọlé lọ́la, jìbìtì nìyẹn, òun kò sì ní bá wọn lọ́wọ́ sí i. "Ìwé ẹ̀rí tó máa jáde, ta ló ni ín? Ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn kò sí láyé, Ìyá Sewanu."

"Kò sí láyé kẹ̀?" Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bí i."

Àmínátù wá rántí ohun kan tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti gba ìtẹ̀ka àwọn ọmọ ní oṣù kẹwàá. Ẹnikẹ́ni tí ìka rẹ̀ kò bá bá tàwọn tó wà nínú ẹ̀rọ mu kò lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀rọ máa bá wọn yan ẹnì kan, kò ní sí ẹni tó máa jẹ̀bi. Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Èwo nínú yín ló tẹ̀ka?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Àwa méjèèjì ni, mà," Zinsu ní.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Sagbo ni ó wà níléèwé. Wọ́n tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ tán, ó fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sí i, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò gbà. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó kù lọ́wọ́ padà wá ní Ẹtì. Zinsu ló wá ní Ẹtì. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ló kù, ó sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, nínú ẹ̀rọ ìjọba, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Zinsu, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ ti Sagbo, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ti Zinsu.

Ìyá Sewanu pa àtẹ́wọ́. "Ẹ rí i bí? Ẹ̀rọ gan-an kò lè mú ọ̀kan." Ó yí ẹja kan lórí wáyà, ó sì kọjú sí Àmínátù. "Màámi, èmi náà mọ̀ pé kò ṣeé ṣe kó máa lọ báyìí títí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi mú ọ̀kan."

Ó yẹ kó rọrùn. Orúkọ Zinsu ló wà nínú ìwé, Zinsu ló mọ méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Àmínátù. Ahọ́n kọ̀. Ohun tó rí níwájú rẹ̀ kì í ṣe Ajido mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba rẹ̀ ní Òjó ni. Òun àti Láńre, àbúrò rẹ̀ tó fo kíláàsì kan bá a, jọ yege lọ́dún kan náà. Agbára baba wọn kò ká ju ẹnì kan lọ sí A-level. Baba pe àwọn méjèèjì síwájú, ó ní Láńre ni yóò lọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àmínátù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìwọ, o gbọ́n. Ó máa yé ọ." Àmínátù gba ìdí sìmẹ́ńtì lọ, ó tà á fún ọdún mẹ́rìnlá. Láńre ní iṣẹ́ ọ́fíìsì gidi ní Sẹ̀mẹ̀, ó ń fi ìtan àgbò ránṣẹ́ lọ́dọọdún, inú rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n kò yé Àmínátù lọ́jọ́ náà, kò sì tíì yé e dòní.

"Mi ò lè mú un," ó ní. Ó dìde. "Kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní aago méjì. Kí wọ́n máa kọ́ ara wọn. A ó rí bí yóò ṣe rí."

Kò sọ fún ọ̀gá. Èyí kò dára, èmi tí mò ń sọ ìtàn náà sì mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àwọn ọmọ náà fi wà lẹ́nu "kọ́ mi." Sagbo á dúró sídìí pátákó, Zinsu á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó bá dọ̀la, wọ́n á pààrọ̀. Wọ́n ń fi Gun jà, wọ́n ń fi Gun bẹ ara wọn, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀. Egbò orúnkún jinná ní ọ̀sẹ̀ kejì, láti ìgbà náà lọ Àmínátù kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Yóò yin Zinsu tán, Zinsu á ní, "Sagbo ni mí, mà." Yóò bú Sagbo tán, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pín ojú ewé ìwé pupa sí méjì, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò kọ nǹkan sí. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé ìdánwò ń bọ̀ àti pé àwọn méjèèjì ti wá ń mọ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn tún mú kó burú sí i. Nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ìdajì, ó rọrùn láti sọ pé kò sí ẹni tó tó o. Ní báyìí, àwọn méjèèjì tó o, àyè kan ló wà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò, ọ̀kan wọlé láìsí èkejì. Ó wé gèlè. Ó kúnlẹ̀, ó tú gèlè náà. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀ kodoro, ó ń dán bí ẹyin.

"Sagbo ni mí, mà," ó ní. "Ẹ ò ní ṣì wá mú mọ́."

Àmínátù ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Màámi mi kò lè mú. Ẹ̀yin náà kò lè mú. Mo ti mú. Zinsu ni orúkọ tó wà níbẹ̀. Ó ti mọ Kẹ́místírì báyìí, èmi ni mo kọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ẹni tí kò nírun ni kó dúró síta. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò ní bínú."

Inú bí Àmínátù débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó bínú sí ọmọ náà, ó bínú sí irun tó fá, ó bínú sí baba rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé, "O gbọ́n." Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó rántí ẹni tó sọ ọ́ fún òun, ó gbé e mì. Ó kàn fa ọmọ náà mọ́ra.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Láńre lórí fóònù. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà Àmínátù ní, "Láńre, lọ́dún yẹn, ìwọ lo lọ, èmi ni mo dúró. Kò yé mi."

"Àǹtí mi," Láńre ní, "mo rò pé ó yé yín. Gbogbo wa la rò pé ó yé yín."

Àmínátù wá sọ ti Sagbo fún un. Kò tíì sọ ọ́ dé ibi orí fífá tí Láńre fi ní, "Ẹ gba fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ fún ọmọ náà. Owó rẹ̀ wà lọ́rùn mi." Ní ọjọ́ Ẹtì, Àmínátù gba fọ́ọ̀mù náà, ó fi í sáàárín ìwé pupa.

Ọjọ́ Ajé dé. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu gbọ̀ngàn, àwọn òbí dúró lábẹ́ igi fúrúùtù. Àmínátù ń wo ọ̀nà. Ó rí Ìyá Sewanu tó ń bọ̀, ó rí ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Orí méjì. Kodoro méjì. Wọ́n ń dán nínú oòrùn.

"Ṣé wèrè ń ṣe yín ni?" Àmínátù ké. "Ta ló fá èkejì?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni," Ìyá Sewanu ní. "Ó rí i lórí èkejì rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í ṣe é fún ọ̀kan, Màámi. Mo ti sọ fún yín."

"Èwo wá ni Zinsu?"

Aago lù kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Àwọn ọmọ náà di ara wọn mú lọ́rùn, wọ́n sọ nǹkan kan ní Gun, ọ̀kan jáde kúrò lára èkejì ó sì sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ wo fọ́tò, ó wo orí náà. "Irun rẹ ńkọ́?" "Ooru ni, mà." "Gbé ọwọ́ òsì wá." Ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún. "Mo ní òsì." Ọwọ́ ọ̀tún kò kúrò níbi tó wà. Obìnrin náà pòṣé, ó fa àtàǹpàkò ọ̀tún náà sórí ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Zinsu wọlé.

Èyí tó kù ti lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀. Kò sunkún. Ó ń gbé ètè, ó ń ka ìṣirò Kẹ́místírì, bí ẹni pé ìyẹn lè gba ara ògiri dé ọ̀dọ̀ èkejì rẹ̀. Àmínátù lọ jókòó tì í. Ó tú rọ́bà lára ìwé pupa, ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó fi bírò lé e.

"Ti ọdún tó ń bọ̀ ni," ó ní. "Ìwọ nìkan ló ni ín. Kọ orúkọ rẹ."

Sagbo wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo Àmínátù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mà, mo ti bà á jẹ́."

Àmínátù bẹ ojú wò ó. *Zin* ló wà níbẹ̀, gàdàgbà, pẹ̀lú tádàwà dúdú. Láti oṣù kẹwàá ni ọmọ náà ti ń jẹ́ Zinsu níléèwé, orúkọ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Àmínátù ì bá ti fi igbe ta, nítorí kò sí ohun tó kórìíra tó ìwé tí wọ́n pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀.

"Fa ìlà sí i," ó ní. "Kọ tìrẹ sókè rẹ̀."

Ọmọ náà fa ìlà. Ó kọ *Sagbo*, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń kọ́ orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé e sókè sí oòrùn kí ó lè gbẹ.

"Ṣé wọ́n máa gbà á báyìí, mà?"

"Mi ò mọ̀," Àmínátù ní. "Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ nìyẹn."